Ìkòkò mélòó ló ń gorí iná ní agboolé yín?

Ọmọ_Pàkátà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Alẹ́ àná ni ẹnì kan ju èsì ìwádìí ìlera ìdílé tí NPC, àjọ ìkànìyàn, ṣe láti ìparí ọdún 2023 wọ 2024 sínú àwùjọ WhatsApp àwa tí a jọ lọ ilé kéú. Ó ní obìnrin Nàìjíríà ti ń bí ọmọ 4.8 báyìí, pé 5.3 ni nínú èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, pé 6.0 ni lọ́dún 1990. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-án yàn-án. Àwọn kan ní òyìnbó ló fẹ́ dín wa kù. Ẹnì kan ní owó oúnjẹ ló dín ọmọ kù, òyìnbó ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè méjì péré ni mo ní. Ọmọ mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá: kí ni ọmọ karùn-ún yẹn ò ní lára? Ìkejì, ta ni wọ́n bi léèrè? Mo ti lé ní ogójì ọdún. Inú agboolé wa ní Pàkátà, ní Ìlọrin, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. A ju ọgọ́rin lọ níbẹ̀ tí a bá ka àwọn ọmọdé mọ́ ọn, ẹ foríjì mí, a kì í ka ọmọ. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wa rí láti béèrè iye ọmọ tí ẹnikẹ́ni bí. Àbí inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń ro ó kọ?

Bàbá_Ìbejì_Gáà

Inú ọ́fíìsì ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, orí ni kò ní 😂😂

Ẹ má bínú. Wọ́n ti kọ́ wa ní irú rẹ̀ díẹ̀ ní kíláàsì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi. Wọ́n ń ṣa díẹ̀ mú ni, bí ìyá tó ń se ọbẹ̀ ṣe ń tọ́ ọ wò ní àtẹ́lẹwọ́. Kò ní mu odidi ìkòkò kó tó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀.

Bàbá_Ìbejì_Gáà

Ọbẹ̀ tí wọn ò rò pọ̀ ńkọ́? Tó o bá tọ́ òkè wò, epo nìkan lo máa bá. Pàkátà yàtọ̀ sí GRA.

Ajíbéèrè

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín lágbára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pín ìgboro sọ́tọ̀, wọ́n á pín ìgbèríko sọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀, kí wọ́n tó ṣa ibì kankan mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Mo wà lára àwọn tó rìn láti ilé dé ilé lọ́dún 2018. Apá gúúsù Kwara ni ẹgbẹ́ wa ṣe. Mi ò ní dárúkọ ìlú kankan, mi ò sì ní dárúkọ ilé, nítorí a ṣèlérí fún gbogbo ẹni tó dá wa lóhùn pé ọ̀rọ̀ wọn ò ní jáde. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe rí, mo lè sọ ọ́.

Nígbà ìkànìyàn 2006, wọ́n gé gbogbo Nàìjíríà sí wẹ́wẹ́, bí ẹni gé ilá, ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ààlà rẹ̀. Nínú ègé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti fa 1,400 yọ fún ìwádìí 2018. Bí ẹ bá pín in fún ìpínlẹ̀ 36 pẹ̀lú Àbújá, ó tó 38 fún ibì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n á kọ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣa 30 nínú ègé kọ̀ọ̀kan láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ilé 40,427 ni wọ́n rí bá sọ̀rọ̀ lọ́dún náà ní gbogbo Nàìjíríà, obìnrin 41,821 sì dáhùn, láti ẹni ọdún 15 dé 49. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Pàkátà, ẹ wo iye ilé tó wà ní Ìlọrin nìkan. Kì í ṣe pé wọn ò jáde, ọ̀dọ̀ yín ni kèké ò mú.

Bí a bá dé ilé tí wọ́n kọ fún wa tí a ò bá ẹnikẹ́ni, a ò lè yà sí ilé kejì nítorí pé àwọn yẹn fún wa lómi mu. A ó padà lọ. Ó níbi tí a padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a ń dúró de ìyá oníṣòwò kan títí tó fi ti ọjà dé ní alẹ́. Ẹ̀fọn jẹ wá lọ́jọ́ yẹn ju kí n sọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ 4.8: kò sí obìnrin kan tó bí 4.8. Wọ́n wo iye ọmọ tí àwọn obìnrin bí láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìwádìí, wọ́n to àwọn ọmọ ogún ọdún sọ́tọ̀, àwọn ọmọ ọgbọ̀n ọdún sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 49. Wọ́n wá tò wọ́n lé ara wọn bí ẹni pé obìnrin kan ṣoṣo ló la gbogbo ọjọ́ orí náà kọjá, tó sì ń bí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bí lónìí. Bí ìyá oníwàrà bá ta igbá márùn-ún lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tó wá ta mẹ́rin lọ́jọ́ karùn-ún, igbá 4.8 ló ń tà lóòjọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé ta ló jẹ ìyókù igbá.

Ọmọ_Pàkátà

Ti wàrà yẹn yé mi ju ti yunifásítì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ní ilé 30. Agboolé wa, ṣé ilé kan ni? Tí kèké bá mú wa, ṣé àwa ọgọ́rin ni ẹ máa bi?

Ajíbéèrè

Haa. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ilé nínú ìwádìí náà kì í ṣe agboolé, kì í sì í ṣe òrùlé. Àwọn tó jọ ń gbé pọ̀, tí wọ́n gba ẹnì kan ní olórí, tí ìná wọn pa pọ̀, àwọn ni ilé. Lédè wa, àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, a rò pé ó rọrùn. Ìgbà tí a dé inú agboolé gidi ni ojú wa là. Ìyá àgbà ń dá sè, ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń sùn. Àbúrò ọkọ tí kò tíì gbéyàwó ń jẹ ní ilé ẹ̀gbọ́n láàárọ̀, ó ń ra ìrẹsì lójú títì lálẹ́. A ó máa béèrè ìkòkò kiri bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Mi ò gbàgbé ilé olórogún kan. Ìyáálé ní ìkòkò tòun wà lọ́tọ̀, ìyàwó ní tòun náà wà lọ́tọ̀. Baálé ń jẹ nínú méjèèjì. Ilé wo ni a ó kọ baálé sí? Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa wá rántí ìbéèrè kan tó wà nínú ìwé náà: níbo lẹ sùn mọ́jú? Ó bi wọ́n níbẹ̀, ní gbangba. Gbogbo ojúde pa lọ́lọ́. Baálé ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ń ṣa ẹ̀fọ́ bí ẹni pé kò gbọ́. Ìyáálé ló dáhùn, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbi tí bàtà rẹ̀ wà." A wẹ̀yìn wò, a rí bàtà, a kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ̀

Bàtà! Mo ti ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àdùkẹ́_Òmù-Àrán

Ní tiwa, wọ́n wá. Kì í ṣe 2018, mi ò rántí ọdún náà dáadáa, mo ṣì wà ní ilé bàbá mi. Wọ́n gún àbúrò mi níka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí nǹkan kékeré kan. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, wọ́n ti ń sọ ní àdúgbò pé àwọn agbẹ́jẹ̀ ti dé. Bàbá mi gbé àdá.

Ajíbéèrè

@Àdùkẹ́ ẹ kú ewu. Wọ́n gbé kùmọ̀ sí àwa náà rí.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó, bóyá ibà wà níbẹ̀, a sì ń sọ èsì rẹ̀ fún ìyá ọmọ níwájú ọmọ náà. Nínú 2018, nínú ọmọ 100 láti oṣù mẹ́fà títí dé kí wọ́n pé ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. 68! Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọmọ tó ń rẹ̀ ẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ, iye yẹn ló ń sọ sí mi lọ́kàn.

Pákó ìwọnga ló le jù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, a máa ń tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ ni, ẹnì kan á di orí mú, ẹnì kan á na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. Ìyá àgbà kan ti ẹ̀yìnkùlé wọlé bá wa nídìí ẹ̀. Ó ké tòò. "Ta ló kú? Ta ló ní kí ẹ wọn ọmọ mi bí káfíńtà ṣe ń wọn òkú?" Ó já ọmọ gbà, ó di inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbẹ̀yìn ni ọ̀gá wa, ọkùnrin gbàǹgbà, dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ sórí pákó ọmọdé náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà jáde sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ wá wọn èmi náà, ẹ wò ó bóyá mo máa kú." Ìyá yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀rín ló ṣí ilẹ̀kùn.

Pákó yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé 37 nínú ọmọ 100 kò ga tó bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí wọn ga lọ́dún 2018. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn yìí, ó ti di 40. Inú àwùjọ WhatsApp yín, ẹ̀gbọ́n Pàkátà, mo dájú pé ẹnikẹ́ni ò jà lé ìyẹn lórí.

Ọmọ_Pàkátà

Rárá o. 4.8 nìkan ni.

Alfa_Adétà

Salaamu alaikum. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti wá ka ọmọ wa, ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni abẹ́rẹ́, ẹ fi sí apá, ẹ fi sínú, ẹ má bí mọ́. Àwọn bàbá wa bí méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì tọ́ wọn. Ọlọ́run tó la ẹnu fún ọmọ ló máa fi nǹkan sí i. Kí ni wọ́n ń fi iye ọmọ wa ṣe?

Agbẹ̀bí_Ọ̀fà

Wa alaikumu salaam, Alfa. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Iye ọmọ tí ẹ ń jà lé lórí kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Ẹ fi 4.8 sílẹ̀ fún mi, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà.

Nínú ìwádìí 2013, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè, 128 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní 2018, 132. Nínú ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, 110. Ó ṣì pọ̀, ọmọ kan nínú mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Àjẹsára wà níbẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn wà níbẹ̀, omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tó ń kú láàárín oṣù àkọ́kọ́ nìkan: 37 ní 2013, 39 ní 2018, 41 báyìí. Ìyẹn ń gòkè! Ọmọ tó bá ti jókòó, tó ti rìn, ń là ju ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ. Ọmọ tuntun ló ń ṣubú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo rí wọn. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, tí òtútù mú. Ọmọ tí kò ké bó ṣe dáyé, tí ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ ń gbá a nídìí dípò kó fún un ní afẹ́fẹ́. Ọmọ tí kòkòrò gba ojú ìwọ́ wọlé sí i lára, nítorí pé wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín sí i, tàbí ìgbẹ́ màlúù, tàbí òkúta gbígbóná tí wọ́n fi ń jó o. Jẹ́lì chlorhexidine wà tí wọ́n ń fi pa ìwọ́, kò wọ́n. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, ẹ gbé e sáyà ìyá rẹ̀, ara sí ara, kí ẹ fi aṣọ dì í mọ́ra. Kò gba iná mànàmáná. Mo sọ èyí torí mo mọ iye òru tí a fi wà nínú òkùnkùn ní ilé ìwòsàn.

Ní 2018, nínú ìbí 100, 39 péré ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Àwọn tó kù wà nílé, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àbíyè. Mi ò bú ìyá àbíyè o. Mo ti bá púpọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́, ọwọ́ àwọn mìíràn dẹ̀ ju ti àwa nọ́ọ̀sì lọ, ẹnu wọn sì tutù ju tiwa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni èébú nọ́ọ̀sì lé sá.

Nítorí náà, Alfa, ohun tí wọ́n ń fi iye yẹn ṣe ni pé kí a mọ ibi tí ọmọ ti ń bọ́ sọnù. Àwọn bàbá wa tó bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mélòó ló kù? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín, ẹ má béèrè lọ́wọ́ bàbá.

Alfa_Adétà

Ìyá wa, mo gba ìbáwí. Ọ̀rọ̀ ìwọ́ yẹn, màá sọ ọ́ níbi àsàlátù tó ń bọ̀, torí wọ́n ń fi òkúta gbígbóná jó ọmọ ní àdúgbò wa gan-an.

Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ti abẹ́rẹ́.

Agbẹ̀bí_Ọ̀fà

Ẹ̀yin lẹ mọ Kùránì jù mí. Ǹjẹ́ kò sí níbẹ̀, nínú Súrátù Bákárà, pé kí ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ kó pé?

Alfa_Adétà

Ó wà níbẹ̀. Áyà 233.

Agbẹ̀bí_Ọ̀fà

Báwo ni ọdún méjì ṣe máa pé tí oyún mìíràn bá ti wọlé ní oṣù keje? Èmi ò ní kí ẹ má bí. Obìnrin tó fẹ́ bí mẹ́wàá, kó bí wọn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e. Àwọn tó ń dùn mí ni àwọn tó fúnra wọn sọ pé àwọn ò fẹ́ oyún báyìí, tàbí pé ó tó, tí wọn ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ní 2018, 19 nínú obìnrin 100 tó wà nílé ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi abẹ́rẹ́ lé wọn. Àwọn ló ń wá a, tí ọkọ ò gbà, tàbí tí ilé ìwòsàn ní ó ti tán, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Bàbá_Ìbejì_Gáà

Gbogbo ìgbà ni ọkọ. Ṣé wọ́n bi ọkọ léèrè?

Ajíbéèrè

Wọ́n bi wọ́n. Ọkùnrin 13,311 ló dáhùn ní 2018, láti ọdún 15 dé 59, ọkùnrin ló sì ń bi wọ́n. Ilé kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ti ń bi ọkùnrin. Ẹ ò jókòó pẹ́ ni, Bàbá Ìbejì. Obìnrin máa ń bá wa jókòó ju wákàtí kan lọ. Ọkùnrin á ti gba fóònù ẹ̀ẹ̀mẹrin, á ní òun ń bọ̀.

Bàbá_Ìbejì_Gáà

Irọ́ ò sí níbẹ̀. Mo ń bọ̀.

Ìyá_Mẹ́ta

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láìkọ nǹkan kan fún ọjọ́ méjì. Mo fẹ́ kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún fẹ́ kọ ọ́.

Mo wà lára àwọn tí wọ́n bi. Ìlú wa kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ló wá, ó ń sọ Yorùbá dáadáa, ó ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bi mí iye ọmọ tí mo bí, mo ní mẹ́ta. Ó bi mí bóyá mo bí ọmọ mìíràn tó kú, mo ní rárá. Ìyá ọkọ mi ń yọ èkùrọ́, kò gbójú sókè. Ọmọbìnrin náà ò bá ibẹ̀ lọ. Ó ní, "Ǹjẹ́ ọmọ kankan wà tó ké, tàbí tó mira, tàbí tó gbìyànjú àtimí, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀?"

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n má sunkún, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n gbé e lọ lóru. Mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí dòní. Àkọ́bí mi ni. Ọjọ́ márùn-ún ló lò. Ó mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Mo tún ní rárá. Ó dúpẹ́, ó bá ìbéèrè lọ. Nígbà tó parí, tó ti wọ bàtà, mo sìn ín dé ẹnu géètì, mo ní, "Ó mira o." Ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A padà jókòó sórí ìjókòó tí mo ti ń ta ata, ó tún ẹ̀rọ náà tàn. Ó béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, oṣù wo, ọdún wo, ọjọ́ mélòó ló lò. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní kò ní, kò pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ó kọ "Ọmọ" síbẹ̀, ó yí ẹ̀rọ náà sí mi kí n rí i.

Ìyá wa Ọ̀fà, ẹ ní 37, 39, 41. Mo mọ̀ pé tèmi wà nínú ọ̀kan nínú wọn.

Àdùkẹ́_Òmù-Àrán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá wa. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Alfa_Adétà

Kí Ọlọ́run fi í ṣe ìpẹ̀ fún yín lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ọmọ yẹn ń dúró dè yín.

Agbẹ̀bí_Ọ̀fà

Àdúgbò mi làwọn obìnrin bíi tìrẹ kún, ọmọ mi. Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ lónìí, sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ní kí o má sọ ọ́.

Ajíbéèrè

Ìyá Mẹ́ta, mo ti pa kọ̀ǹpútà dé nígbà tí mo ka tiyín, òní ni mo tó lè fèsì.

Kì í ṣe èmi ni mo wá sọ́dọ̀ yín, ìbá jẹ́ èmi ni màá rántí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì yẹn, èyí tó ní "tàbí tó mira", inú ìwé ló wà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún irú ìdáhùn tí ẹ fún un. Ẹni tó ṣe ìwé náà mọ̀ pé ìyá máa kọ́kọ́ ní rárá. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé sí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ pé ó gba ìrònú jù, torí bí a bá ní "ọmọ tó kú," ẹlòmíràn á ronú sí àbíkú, á sì dákẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí tí kò mí rárá kò sí nínú iye oṣù àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nítorí náà ìmira kékeré yẹn ló ń pààlà.

Kò sí ìwé ìbí tàbí ìwé ikú tí a lè gbára lé ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Gbogbo 110 yẹn, gbogbo 41 yẹn, ẹnu àwọn ìyá ló ti wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá dákẹ́, ó máa jọ pé nǹkan dára.

Wọ́n kọ́ wa pé kí a má sunkún lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Bàbá_Ìbejì_Gáà

Mo ní inú ọ́fíìsì ni. Mo fa ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ̀

Àǹtí Ajíbéèrè, ìbéèrè kan. Bí a bá pín in fún Kwara nìkan, ilé bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ló máa jẹ́, àbí? Ṣé kò kéré láti fi sọ̀rọ̀ Ìlọrin lọ́tọ̀, Ọ̀fà lọ́tọ̀?

Ajíbéèrè

Ó kéré fún ìyẹn. Ìwádìí náà lè sọ̀rọ̀ Kwara lápapọ̀, kò lè sọ ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kódà ti ìpínlẹ̀, tí ẹ bá rí i tó fi díẹ̀ gòkè tàbí tó fi díẹ̀ wálẹ̀ láàárín ìwádìí méjì, ẹ má tíì lu ìlù. Ó lè jẹ́ pé àwọn ilé tí kèké mú ló yàtọ̀. Àmọ́ tí Katsina bá jẹ́ 7.3 tí Èkó sì jẹ́ 3.4, bí wọ́n ṣe rí ní 2018, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kèké.

Ọmọ_Pàkátà

Mo padà dé o. Mo jáde lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, mo ka ìkòkò ní agboolé wa. Mo díbọ́n pé mò ń wá ewúrẹ́. Mọ́kànlá ni mo kà tí wọ́n ń gorí iná. Iyàn wà lórí ìkejìlá.

Mo tún lọ sí yàrá Alhaja mi. Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè tí Ìyá Ọ̀fà ní ká bi ìyá wa. Èmi ni mo mọ̀ sí àkọ́bí wọn. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́. Mo ní ṣé ẹ̀kọ ṣì wà.

Agbẹ̀bí_Ọ̀fà

Padà lọ lọ́jọ́ tí ilé bá dá.

Ọmọ_Pàkátà

Màá lọ, mà.

Ajíbéèrè

Ìkòkò kejìlá ńkọ́? Ta ló ni ín?

Ọmọ_Pàkátà

Ìyá àgbà. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e ka iná, tùwó ni wọ́n ń sè, gbogbo ọmọdé agboolé ló máa ń jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ilé tàwọn dá dúró, wọn ò sí lábẹ́ olórí kankan.

Ajíbéèrè

Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, níbo ni ìyá àgbà ti ń jẹun?

Ọmọ_Pàkátà

Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá.